Ilé Adìẹ Gbọ́dọ̀ Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ wo ilé adìẹ yín dáadáa. Ṣé òórùn tó ń ta ni nímú ń jáde níbẹ̀? Ṣé àwọn adìẹ ń la ẹnu sílẹ̀ lọ́sàn-án? Ṣé ẹ ń rí òkú adìẹ ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le ní òwúrọ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé, kí ó sì máa jáde, kí ẹ tó sáré ra oògùn.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́ ilé adìẹ bí ẹni kọ́ àká. A mọ ògiri rẹ̀ dé òkè, a fi fèrèsé kékeré kan sílẹ̀, a kan páànù lé e. Ẹ̀rù olè ń bà wá, a kò sì fẹ́ kí òtútù mú adìẹ. Ṣùgbọ́n olè lè jí adìẹ méjì. Ooru ọ̀sán kan lè pa ìdajì ọ̀wọ́ adìẹ.

Kí ni ooru ń ṣe fún adìẹ?

Àwọn àgbà ní: Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òótọ́ ni pé ooru ń jẹ adìẹ níyà tí a kò rí i. Ṣùgbọ́n ìyà náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí adìẹ kò lè làágùn bíi tiwa. Ara ènìyàn gbóná tó 37 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru. Ara adìẹ gbóná tó bíi 41. Bí ooru bá mú un, ó ń la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń na ìyẹ́ apá rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ara rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá kọjá, kò sí ohun tí yóò gbé ooru náà lọ. Adìẹ kò ní jẹun mọ́. Ẹyin yóò dín kù, èèpo rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Bí ooru bá pọ̀ sí i, adìẹ yóò kú. Adìẹ tó sanra jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ibo ni òórùn ti ń wá?

Èèpo ìrẹsì, tàbí ohun tí káfíńtà fá kúrò lára pákó, ni a ń tẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìtẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ń bọ́ sí orí rẹ̀. Bí ìtẹ́lẹ̀ bá gbẹ, òórùn kò pọ̀. Bí omi bá dà sí i, ìgbẹ́ yóò jẹrà, afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní amóníà yóò sì jáde. Òun ló ń ta ojú. Ó ń ba ojú àti ọ̀nà ọ̀fun adìẹ jẹ́, àrùn sì tètè ń wọlé sí i lára. Ó ń ṣe ẹni tó ń tọ́jú wọn náà ní ibi.

Imú ènìyàn a tètè mọ́ òórùn lára. Nítorí náà, ẹ wọlé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ lóṣòó títí orí yín yóò fi dé ibi tí orí adìẹ wà. Bí ojú bá ta yín, tiwọn ti ń ta wọ́n láti òru.

Bí a ṣe ń kọ́ ilé tó ń mí

1. Kí gígùn ilé lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn kò ní lè rọ́ wọ inú ilé.
2. Kí ìbú ilé má ju mítà 8 lọ, kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá.
3. Kí ògiri ìsàlẹ̀ má ga ju orúnkún lọ. Wáyà olójú wẹ́wẹ́ ni kí ẹ nà láti ibẹ̀ dé òkè. Ó ń dá olè àti ẹranko dúró, kò sì dá afẹ́fẹ́ dúró.
4. Kí òrùlé yọ síta tó mítà 1, nítorí òjò àti oòrùn. Koríko tútù ju páànù lọ. Bí ó bá jẹ́ páànù, ẹ to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí.
5. Níbi tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1, ẹ má kó ju adìẹ ayéyin 4 tàbí 5 sí i.

Bí ilé yín bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní láti wó o. Ẹ gé ògiri méjèèjì tó kọjú síra wọn, kí ẹ fi wáyà dí i. Ihò ẹyọ kan kò tó: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí yóò gbà jáde.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ooru oṣù kejì sí oṣù kẹrin le ní Kétu àti Ṣábẹ̀. Ẹ fún adìẹ ní oúnjẹ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé e kúrò láti agogo 11 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́, nítorí oúnjẹ ń mú ara gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé omi kúrò láé. Adìẹ ayéyin 100 ń mu bíi lítà 25 lóòjọ́, ó sì lè di ìlọ́po méjì nígbà ooru. Ìkòkò amọ̀ ń mú omi tutù. Ẹ gbé e sí ibòji.

Ẹ lè da omi sórí òrùlé lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ fi àpò tútù kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí omi ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Nígbà òjò, omi kì í tètè gbẹ, nítorí náà kò wúlò nígbà náà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ ta àpò sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá. Ẹ ta á láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè.

Ìtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ

Ẹ bu ìtẹ́lẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bí ó bá di ìṣù tí kò tú, ó ti tutù jù. Ẹ kó èyí tó tutù dànù, pàápàá lẹ́bàá abọ́ omi, kí ẹ fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹ máa fi ọkọ́ yí ìyókù lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ẹ má da eérú sórí ìtẹ́lẹ̀ tútù nígbà tí adìẹ wà nínú ilé. Àwọn kan rò pé eérú ń pa òórùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń lé amóníà jáde sí i.

Ẹ pa ìgbẹ́ tí ẹ kó jáde pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, jìnnà sí ilé àti kànga. Ẹ bò ó, kí òórùn àti eṣinṣin má yọ aládùúgbò lẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù 3, ajílẹ̀ àgbàdo ni.

Ìkìlọ̀ nípa èédú

Ọmọ adìẹ nílò ooru ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kó jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn kálẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má dáná èédú nínú yàrá tí ẹ tì pa. Èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró mìíràn jáde. Amóníà ń rùn, ó ń kìlọ̀ fún ni. Èyí kò rùn rárá. Ó lè pa ọmọ adìẹ, ó sì lè pa ẹni tó sùn tì wọ́n. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn níbẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá dára, tí ìtẹ́lẹ̀ sì gbẹ, síbẹ̀ tí adìẹ ṣì ń kú, àrùn lè ni. Ẹ tètè pe oníṣègùn ẹran.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí

1. Ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nínú ilé adìẹ yín?
2. Kí ló dé tí eérú kò fi yẹ lórí ìtẹ́lẹ̀ tútù?
3. Kí ni ẹ lè tún ṣe lára ilé adìẹ yín kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé?