Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Sáyẹ́ǹsì Han Ní Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ lè dé lọ́jọ́ kan kí ó ní: "Baba, olùkọ́ ní kí a ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kí a sì wá fi han àwọn ènìyàn." Ọ̀pọ̀ òbí á dáhùn pé: "Èmi tí n kò gbọ́ Faransé, kí ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè ka nǹkan láti 1 dé 100, tó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀, ó tó ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Irú ìfihàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, èyí àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà wáyé ní ìlú Philadelphia ní ọdún 1950. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá ni a fi ń ṣe é. Ìbéèrè kan ni, tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdáhùn sí.

Èkíní: ẹ wá ìbéèrè nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wà. A kórè rẹ̀, a kó o pamọ́, kò pẹ́ kòkòrò ti lu ú ní ihò. Nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò, a máa ń tà á ní ọ̀pọ̀ nígbà ìkórè, a ó sì tún fi owó gọbọi rà á nígbà ọ̀wọ́n. Ìbéèrè ọmọ lè jẹ́ báyìí: "Bí a bá dé ẹ̀wà pinpin tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, ṣé kòkòrò á ṣì jẹ ẹ́?"

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Kòkòrò yìí a máa yé ẹyin sí ara ẹ̀wà. Ọmọ rẹ̀ á lu ẹ̀wà wọlé, á máa jẹ inú rẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù kan, á ti dàgbà, á sì gba ihò róbótó jáde. Ṣùgbọ́n òun náà ń mí. Bí afẹ́fẹ́ tó ń mí bá tán, kò ní lè jẹun mọ́, á kú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù fi ọgbọ́n yìí ṣe àpò alápá mẹ́ta tí a ń kó ẹ̀wà sí.

Èkejì: ẹ ṣe é. Ẹ wá ìgò ike 6 tí wọ́n dọ́gba, tí wọ́n sì gbẹ. Ẹ mú ẹ̀wà gbígbẹ tí kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ díẹ̀, ẹ pò ó pọ̀. Ẹ bu 100 hóró láìṣà, ẹ ka èyí tó ní ihò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá rọ ẹ̀wà kún àwọn ìgò náà dé ẹnu, nítorí bí àyè bá ṣẹ́kù, afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù nìyẹn. Ẹ fi ìdérí dé 3 pinpin. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ so ẹnu 3 yòókù. Ibòji kan náà ni kí gbogbo wọn wà. Ohun kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀: ìdérí. Ẹ má ṣí wọn fún oṣù 2. Lẹ́yìn náà, ẹ bu 100 hóró nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ka ihò.

Ẹ má ṣe fi oògùn òwú kún un láé! Ní ìgbà òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, àwọn mìíràn sì kú nítorí oúnjẹ tó kàn án.

Ẹ̀kẹta: ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí èyí tí a dé bá ní ihò tuntun, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìdérí kò le, tàbí ìgò kò kún. Ẹni tó parọ́ iye, ara rẹ̀ ló tàn.

Ẹ̀kẹrin: ìfihàn. Kí ọmọ kọ nǹkan 4 sórí páálí ńlá: ìbéèrè, ohun tó ṣe, iye tó kà, ohun tó kọ́. Kí ó gbé ìgò náà dání, kí àwọn ènìyàn fojú rí i.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe rí. Mo kọ ọ̀rọ̀ Faransé ńláńlá fún ọmọ kan, ó sì há a sórí. Àgbàlagbà kan wá bi í pé: "Ìgò mélòó lo lò?" Ọmọ yíjú, ó ń wò mí. Ojú tì mí ju ọmọ náà lọ, nítorí èmi ni mo gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní alẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá àgbà ní èdè wa. Bí ìyá bá yé, ọ̀rọ̀ náà dára. Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, kí ó ní: "N kò tíì mọ̀, màá wò ó." Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí ìgò tí a dé bá sì yege, ẹ má gbàgbé pé ẹ̀wà wà nínú yàrá ẹ̀yin náà. Ọmọ ti fi iye hàn yín. Ẹ fi pa irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ mọ́.