Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Igi Dàgbà

Àwọn àgbà a máa wí pé kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Òwe náà dára fún ọmọ títọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo oko àti ọ̀dàn tí ó yí ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ká, ó dà bí ẹni pé àwa ti mú un ṣẹ ju bí ó ti yẹ lọ. A pa ìrókò ní kékeré, a pa emi ní kékeré, a pa igbá ní kékeré. Bí àwọn àgbà igi tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ bá sì wó, kò sí ọmọ tí yóò jogún ipò wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀, ó sì kan ọlọ́jà pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe mú un wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ó ń gbin igi. Àdán a máa jẹ èso ìrókò ní òru, bí ó sì ti ń fò kiri ni ó ń fọ́n wóró rẹ̀ káàkiri. Níbi tí oòrùn bá ti ráyè wọlé ni wóró náà yóò hù. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré kan ń bẹ tí í máa sọ ewé ọmọ ìrókò di kókó, tí ọ̀mùnú rẹ̀ yóò sì rọ. Nínú ọ̀pọ̀ tí ó bá hù, díẹ̀ ni í là á já. Ní ti emi, èyí tí a ń rí òrí láti inú èso rẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ yani lẹ́nu. Nígbà tí kóró rẹ̀ bá là, kì í kọ́kọ́ yọrí sókè. Ìsàlẹ̀ ni ó ń wọ̀ lọ, abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀mùnú rẹ̀ sì ti ń jáde wá lẹ́yìn náà. Bí iná bá jó ohun tí ó wà lókè, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lè tún rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kùkùté ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ṣe ń rúwé, bí a kò bá hú gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ̀rí, kí ó rántí Ọ̀yọ́-Ilé. Olú-ìlú ìjọba Aláàfin ni, kí ogun tó tú u ní nǹkan bí ọdún 1837, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣí wá sí ìhà gúúsù, tí Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ibi tí ààfin wà, ibi tí ọjà gbé ń hó, igi àti koríko ti bò ó. Kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Ẹyẹ, ẹranko àti afẹ́fẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1936 ìjọba ya igbó apá òkè odò Ògùn sọ́tọ̀, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 a sọ wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹran igbó, ní 1991 wọ́n sì di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí ibì kan di igbó, tí ibòmíràn sì ń jẹ́ kìkì koríko? A ti dán èyí wò ní Olókèmejì, lẹ́bàá odò Ògùn kan náà, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀ràn igbó pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní oṣù Mááṣì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ ohun gbogbo. Wọ́n ń sun èkejì ní oṣù Dìsẹ́ńbà, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Ní 1960 Charter àti Keay tẹ ìwé jáde nípa ohun tí a rí lẹ́yìn ọdún 28. Níbi tí iná kò dé, igi ti dí pa pọ̀, koríko sì ti kú lábẹ́ wọn. Níbi tí a ń sun ní Mááṣì, koríko gíga ni ó gba ilẹ̀, igi ibẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí a ń sun ní Dìsẹ́ńbà wà láàrin méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni. Iná nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ sí i.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé kí a ṣáà ká ọwọ́ gbera ni ó tó. Ní 1944, ní igbó kìjikìji ìhà gúúsù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìtàkùn, wọ́n sì ń pa àwọn igi tí kò níye lórí, kí oòrùn lè kan ọmọ igi lára. Níbi tí wọ́n ti ṣí igbó jù, ìtàkùn ni ó yára bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Kí 1970 tó dé, wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní ayé àwọn baba wa, bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, a máa dá emi àti igbá sí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣá, a fi í sílẹ̀ ní ọdún púpọ̀ kí ó lè sinmi, ní àkókò náà ni ọmọ igi ń rí àyè dìde. Lónìí ènìyàn pọ̀, ilẹ̀ kò sinmi pẹ́ mọ́. Ẹni tí ń sun èédú ń gé àgbà igi. Ọdẹ tí ń lé òkété ń ti iná bọ ọ̀dàn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù. Màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ ọ̀mùnú. Emi sì nìyí, ó tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso. Àpò èédú kan, owó ọjọ́ kan ni. Igi òrí kan, owó ìyá àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni. Bí ìyá tí ń ta òrí àti irú ní ọjà Akẹ̀sán tàbí ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ bá rí i pé ọjà wọ́n, kí ó má bi alágbàtà nìkan. Kí ó bi oko léèrè. Agbẹ́gilére tí ń fi igi ọ̀mọ̀ gbẹ́ ìlù ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ní ìbéèrè tirẹ̀.

A mọ̀ pé àgbẹ̀ ní láti jẹun, a kò sì wí pé kí ẹnikẹ́ni má dáko. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó. Bí a kò bá lè ṣàìsun koríko, kí a sun ún nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí a sì ro ààlà oko kí iná má ràn. Bí ọkọ́ bá kan ọmọ emi tàbí ọmọ igbá, kí a fi igi kékeré sàmì sí i, kí a yà á sílẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣa èso emi fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀, nítorí kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú bí a bá tọ́jú rẹ̀ sílé. Tíìkì àti gmelina tí ó ti Éṣíà wá dára fún pákó, ṣùgbọ́n a kò lè fún òrí lára wọn.

Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún wa pé abẹ́ igi àjàgbọn ni Ogúnlọlá ọdẹ tẹ̀dó sí, tí ìlú fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igi náà ti kéré rí, ẹnì kan kò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ro ọmọ náà mọ́ koríko, kí ni yóò fi rọ́pò?