ÌFÌWÀWẸ̀DÁ ÀTI ÀSÌKÒ NÍNÚ ERÉ ÀWÒRÁN ỌLỌ́JỌ́ PÍPẸ́: THE SIMPSONS GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Ìfáárà

Láàrin àwọn eré tí à ń wò lórí tẹlifíṣàn, àwọn kan wà tí kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni a ń rí nínú wọn. Àwòrán ni wọ́n yà, tí wọ́n sì fi ohùn ènìyàn sí i lẹ́nu. Eré àwòrán ni a ó máa pe irú wọn nínú iṣẹ́ yìí; kàtúùnù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wọ́n sí. Òmíràn nínú wọn kì í lò ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Òmíràn sì wà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Lórí irú èyí tí ó pẹ́ báyìí, ẹjọ́ kan náà ni àwọn òǹwòran sábà máa ń rò: wọn a ní eré náà dùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo ohun tí ó ń yí padà gan-an nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé òfin tí ó jẹ́ kí eré náà lè pẹ́, èyí tí í ṣe pé ẹ̀dá-ìtàn kò gbọdọ̀ dàgbà, òun kan náà ni ó ń jẹ ẹ́ láti inú. The Simpsons ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà

Matt Groening ni ó dá ìdílé Simpson sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ fara hàn gẹ́gẹ́ bí eré kéékèèké nínú ètò The Tracey Ullman Show. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni eré náà dá dúró láyè ara rẹ̀, lẹ́yìn tí James L. Brooks àti Sam Simon ti bá Groening ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, apá tí wọ́n ti ṣe jáde ti lé ní 750. Nínú ìdílé yìí, Homer ni bàbá, Marge ni ìyá. Bart jẹ́ ọmọ ọdún 10, Lisa jẹ́ ọmọ ọdún 8, Maggie sì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe wà ní 1989 náà ni wọ́n ṣe wà títí di òní.

Ìyípadà ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé

Eré àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn òǹkọ̀wé a máa jókòó pọ̀ nínú yàrá kan, wọn a sì máa tún gbólóhùn ara wọn ṣe títí yóò fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá jẹ́ olórí wọn ni ó ń pinnu irú ẹ̀fẹ̀ tí yóò wọlé àti èyí tí yóò bọ́ sóde. Al Jean àti Mike Reiss ni olórí ní sáà kẹta àti ìkẹrin, David Mirkin ní ìkarùn-ún àti ìkẹfà, Bill Oakley àti Josh Weinstein ní ìkeje àti ìkẹjọ. Àárín àwọn sáà wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí eré náà gbòòrò jù lọ.

Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọdún méjì-méjì ni ọwọ́ tuntun ń bọ́ sí ìdí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Láàrin àkókò kan náà ni àwọn àgbà ń kúrò: Sam Simon àti Conan O'Brien lọ ní ọdún 1993. Mike Scully jẹ́ olórí fún sáà mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Al Jean padà dé ní 2001, tí iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Nítorí náà, ohun tí ó yí padà kì í ṣe àwọn ènìyàn nìkan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rọ́pò ara wọn náà yí padà. Láti 2021 tí Matt Selman ti ń darí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn apá náà ni àwọn lámèyítọ́ kan ti ń sọ pé ẹ̀mí tuntun tún ń wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ni ó ń ba eré jẹ́, èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ìfìwàwẹ̀dá

Níbi ìfìwàwẹ̀dá ni ọ̀rọ̀ gbé díjú jù. Nínú apá kan tí ó jáde ní 1991, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Lisa's Substitute", olùkọ́ tí Lisa fẹ́ràn fi ìlú sílẹ̀. Lisa fi ìbànújẹ́ bú bàbá rẹ̀ pé ọ̀bọ ni. Homer kò lóye ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń kọ́, ṣùgbọ́n ó wá ọ̀nà láti tù ú nínú. Òpè ni, àmọ́ bàbá ni pẹ̀lú. Ìwà méjèèjì yìí ni ó sọ ọ́ di ènìyàn lójú òǹwòran. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1990, òmùgọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju ìfẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń pa ènìyàn lára, kò sì bìkítà.

Ti Ned Flanders, aládùúgbò wọn, tilẹ̀ hàn kedere ju èyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọlúàbí ọkùnrin ni, tí ilé àti ọmọ rẹ̀ dára ju ti Homer lọ. Ìfọkànsìn rẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀kan lára ìwà rẹ̀ ni. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, ìsìn nìkan ni ó kù lára rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fa ọ̀rọ̀ tuntun yọ láti ara orúkọ rẹ̀, flanderization, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀dá-ìtàn yòówù tí ìwà rẹ̀ kan bá ti gbé ìyókù mì.

Kí ló fa èyí? Ẹ̀dá-ìtàn tí ó ń dàgbà lè kọ́ ọgbọ́n, ó lè ṣọ̀fọ̀, ó lè di àgbà. Èyí tí kò gbọdọ̀ dàgbà kò ní ọ̀nà mìíràn láti yí padà ju kí a máa sọ ìwà rẹ̀ di àsọrégèé lọ. Ní 1997, wọ́n gbìyànjú ìyípadà gidi kan nínú "The Principal and the Pauper": wọ́n ní Skinner, ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀. Nígbà tí apá náà máa fi parí, adájọ́ ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mẹ́nu bà á mọ́. Harry Shearer, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún Skinner, sọ ní gbangba pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Òfin eré náà kò gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Àsìkò àti ohùn

Àsìkò pẹ̀lú kò dúró de ẹ̀dá-ìtàn. Nínú apá kan ní 1991, ọdún 1974 ni Homer àti Marge pàdé ní ilé-ìwé gíga. Nínú òmíràn ní 2008, àwọn ọdún 1990 ni wọ́n fi ṣe ìgbà èwe wọn. Ìtàn kan náà ti pa èkejì rẹ́. Ohùn ní tirẹ̀ ń dàgbà: ohùn Julie Kavner tí ń sọ̀rọ̀ fún Marge ti há sí i. Ikú náà dé: nígbà tí Phil Hartman kú ní 1998, wọ́n gba ẹ̀dá-ìtàn méjì kúrò nínú eré, nígbà tí Marcia Wallace kú ní 2013, wọ́n gba olùkọ́ Bart kúrò. Àwòrán nìkan ni ó ń dára sí i, pàápàá láti 2002 tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò ọ̀dà tí wọ́n ń fi ọwọ́ kùn.

Kì í ṣe gbogbo eré ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó ń bá irú ìṣòro yìí pàdé. Sazae-san ti ilẹ̀ Jàpáànù ti wà lórí tẹlifíṣàn láti 1969, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kò sì dàgbà. Ṣùgbọ́n kò sáré tẹ̀lé ayé òde òní. Ìgbé ayé ìdílé àtijọ́ ni ó ń fi hàn. The Simpsons ní láti máa fi ayé tuntun ṣe ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́ ti ayé 1989.

Ẹnìkan lè béèrè pé Ìjàpá inú àlọ́ wa ńkọ́, tí kò dàgbà tí kò sì sú wa? Ìdáhùn wa ni pé Ìjàpá kò fi ìgbà kan jẹ́ ènìyàn kan pàtó. Ọ̀kánjúwà àti ọgbọ́n àrékérekè ni ó dúró fún láti ilẹ̀. Homer bẹ̀rẹ̀ bí ènìyàn, ó wá di irú Ìjàpá. Yàtọ̀ sí èyí, àlọ́ àná ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ti òní nìkan ni a ń gbọ́. Eré orí tẹlifíṣàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Àwọn apá 1991 wà ní àrọ́wọ́tó ẹni gbogbo, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ti òní.

Ìkádìí

Nínú àlàyé wa, a ti fi hàn pé "ó ti bàjẹ́" kì í ṣe ìdájọ́ tí ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí ó lè sọ bóyá ọwọ́ òǹkọ̀wé ni ó yí padà, tàbí ìwà ẹ̀dá-ìtàn, tàbí àsìkò, tàbí ohùn. Kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá etí òun fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́ nǹkan tuntun mọ́. Ìtàn tí a kò fẹ́ kí ó parí ní láti jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá rẹ̀ dàgbà, tàbí kí ó jẹ́ ti àpẹẹrẹ ìwà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀ yóò máa ná nínú ogún tí àwọn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, àyàfi bí ọwọ́ tuntun bá ń wọlé déédéé láti fi kún un.