Ṣé o mọ̀ pé àníyàn lè gba inú orí sọ̀rọ̀?

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lágbárí, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka èyí mọ́ àìsàn àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ!

Bí irú àníyàn bẹ́ẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà lè kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) náà máa ń mú kí àyà máa já. Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Oògùn náà wà, àmọ́ ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó hàn. Má ṣe dá a dúró fúnra rẹ.