Adìẹ Ń Làágùn: Ìbànújẹ́ Tí Ẹni Tí Ń Tajà Ń Fi Pamọ́

Ní Akparé, ní agbègbè Atakpamé, ẹni tí ó ń tajà nínú ìsọ̀ kì í jìnnà sí fóònù rẹ̀. Fóònù ni oníbàárà fi ń béèrè bóyá sìmẹ́ǹtì ti dé. Òun náà ni ọ̀gá fi ń béèrè iye ọjà tí a tà. Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ni ìròyìn ilé ń gbà wọlé: ibà ti dá ọmọ dùbúlẹ̀; ọkọ tí ó lọ sí Lomé kò fi owó ránṣẹ́; wọ́n ti gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Ìròyìn kì í dúró kí a ti ìsọ̀ kí ó tó dé.

Nígbà náà ni iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó ń tajà yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò wí pé: “Mo ti gbọ́. N ó pè yín padà.” Yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì kọjú sí oníbàárà: “Ẹ káàbọ̀. Kí ni kí n fún yín?” Oníbàárà gba ọṣẹ àti iyọ̀ rẹ̀, ó lọ, kò sì mọ ohunkóhun. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í pamọ́?

Ìtìjú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nínú ìsọ̀ láàárọ̀ lè dé àárín ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ọ̀gá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà, láti kékeré ni a ti kọ́ wọn pé ẹni tí ń tajà kì í fajú ro. Ẹ̀kọ́ yìí dára, nítorí ojú líle a máa lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń náni.

Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1983. Ó wo iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní wọn kì í fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi ọkàn ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀rín wà lára ohun tí a torí rẹ̀ ń san owó fún wọn. Bí ó bá pẹ́, ènìyàn lè dé ibi tí kò ní mọ ohun tí ó ń dun òun gan-an mọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ìsọ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé lè ṣi owó kà. Èyí tí ó burú jù ni fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí a bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, owó olówó ti lọ. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, 52.500 FCFA ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Tógò. Bí 50.000 FCFA bá ṣìnà, tí a sì ní kí òṣìṣẹ́ san án, owó oṣù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Ara náà ń jìyà rẹ̀: orí fífọ́, àìsùn, àárẹ̀. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ń gba bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé lọ́dọọdún.

Kí ni a lè ṣe?

Bí ìròyìn búburú bá dé, má ṣe fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wí pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.” Mu omi. Kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, kà á sókè fún oníbàárà, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wá ẹnì kan tí o fọkàn tán, kí o sọ ọ́ fún un.

Ọ̀gá pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Kí ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó bú òṣìṣẹ́. Àyè wákàtí kan láti lọ wo ọmọ tí ó ń ṣàìsàn kò ná an tó àṣìṣe kan lórí owó. Kí oníbàárà náà má kánjú. Kí ó béèrè pé, “Ṣé àlàáfíà ni?”, kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.