Ìkíni Gẹ́gẹ́ Bí Ìbòjú: Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtajà Lórí Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ojú ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹni tí ó ń dúpẹ́ ń ṣe é tinútinú, tàbí ó kàn ń pa nǹkan mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí ẹ̀rọ GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òwò ni ó ti kúrò ní ojúkojú. Oníbàárà wà nílé, ọjà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn nìkan ni ó so wọ́n pọ̀. Èyí mú kí ó ṣe pàtàkì láti wo bí ìkíni Yorùbá ṣe ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti bo ìdààmú ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti bí olùgbọ́ ṣe lè fura.

Ẹ̀rín gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́
Ní ọdún 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ nípa àwọn tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rín àti ohùn pẹ̀lẹ́ jẹ́ ara ohun tí agbanisíṣẹ́ ń sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ẹni tí ó ń bá ènìyàn tajà. Bí ó bá fi ẹkún dáhùn ìpè, oníbàárà lè gba ibòmíràn lọ, ọ̀gá sì lè ní kí ó máa lọ ilé.

Àpẹẹrẹ
Ká ní ọmọ òṣìṣẹ́ kan wà ní ọsìbítù, tí ìyá ọmọ sì ń retí ìròyìn, nígbà tí oníbàárà àgbà kan pè é:

Oníbàárà: O kú ọjà o. Ajé á wọ igbá.
Òṣìṣẹ́: Àṣẹ o. Ẹ ṣeun, mà.
Oníbàárà: Ọmọ ńkọ́?
Òṣìṣẹ́: Ó wà, mà.
Oníbàárà: Léèsì tí mo wò níjọ́sí ńkọ́?
Òṣìṣẹ́: Ó wà, mà.

Gbólóhùn kan náà ni ó fi dáhùn nípa ọmọ àti nípa léèsì. Síbẹ̀, kò purọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'wà' sọ pé nǹkan ń bẹ. Kò sọ ipò tí ó wà. 'A dúpẹ́' náà kò sọ ohun tí a ń dúpẹ́ lé lórí. Èdè fún un ní ìbòjú láìsọ ọ́ di òpùrọ́.

Ibi tí ìbòjú ti ń ṣí
Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ìfiwéra láàárín wọn ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn. Nítorí náà, bí gbogbo ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí ìbànújẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì lè yéni. Etí tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀. Àmì kejì ni àìdá ìkíni padà: òṣìṣẹ́ òkè yìí kò béèrè ará ilé àgbà náà. A lè tètè kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹrù ni ó wúwo.

Àṣà pèsè ìlẹ̀kùn fún irú àkókò yìí: 'Ṣé kò sí o?' Ìbéèrè yìí kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ní 'Kò sí, mà'. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí i díẹ̀ lè ní 'Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.' Olùgbọ́ tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ léèsì lè dúró.

Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì
Bí olùkọ́ bá to ìkíni sójú pátákó bí òǹkà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, ṣùgbọ́n kò ní mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọ ẹ̀yìn síra wọn, kí wọ́n ṣe eré ìpè òkè yìí, kí àwọn yòókù sì tọ́ka sí ibi tí ohùn ti yí padà.

Ìgúnlẹ̀
Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà ní àyè láti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó pè é ni ìbéèrè kejì wà.