Àgọ́ Inú Pápá Di Okòwò: Bí Àwọn Àgbẹ̀ Dorset Ṣe Ń Ta Oorun Fáwọn Ará Ìlú

Tí wọ́n bá dárúkọ kámpù nílẹ̀ wa níbí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kámpù àwọn agùnbánirọ̀, tàbí ibi táwọn ẹlẹ́sìn ti ń ṣe àpéjọ àdúrà. Àwọn tó ṣe ẹgbẹ́ Scout nílé ìwé náà yóò rántí alẹ́ tí wọ́n sùn sínú àgọ́, tí ẹ̀fọn fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Èwo ni ìgbádùn níbẹ̀? Ìdí nìyí tó fi lè ya ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó sì ní iná mànàmáná tọ̀sán-tòru, máa ń sanwó láti lọ sùn sínú pápá tí màlúù ti ń jẹko. Ẹni tó ni pápá náà ló ń kówó sápò. Okòwò ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tá a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn, a ó sì fi àgbègbè kan ṣoṣo, ìyẹn Dorset, ṣe àpẹẹrẹ.

Níbo ni Dorset wà?

Dorset wà ní gúúsù ilẹ̀ England, létí òkun. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Waterloo ní London yóò lò tó wákàtí mẹ́ta kó tó dé Weymouth, tó jẹ́ ìlú etíkun níbẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ ńlá irú èyí tí wọ́n ń pè ní motorway kò sí ní gbogbo àgbègbè náà. Oko, pápá ìjẹko àti òkè kéékèèké ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ yìí gan-an lọjà tí wọ́n ń tà.

Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO fi etíkun kan tó gùn tó máìlì 95, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Exmouth ní Devon títí dé Studland ní Dorset, kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Jurassic Coast ni wọ́n ń pè é. Inú òkúta rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí egungun àwọn ẹranko tó ti kú láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Arábìnrin Mary Anning, ọmọ káfíńtà kan ní ìlú Lyme Regis, tí wọ́n bí lọ́dún 1799, fi wíwá àwọn egungun yìí àti títà wọ́n fáwọn àlejò jẹun títí tó fi di olókìkí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òní làwọn ará ibẹ̀ ti ń rí jẹ lára àlejò.

Télọ̀ ló dá a sílẹ̀

Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá pípàgọ́ ìgbafẹ́ òde òní, Ọ̀gbẹ́ni Thomas Hiram Holding, kì í ṣe ọmọ olówó. Télọ̀ ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, lọ́dún 1853, ó wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ tí ẹranko ń fà la pápá gbalasa ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá, inú àgọ́ ni wọ́n sì ń sùn. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àgọ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí èèyàn lè dì sórí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 1901, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń pàgọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì di Camping and Caravanning Club tó ṣì wà títí dòní. Lọ́dún 1908, ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà.

Dorset náà ní ipa tiẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea, tó wà nínú omi Poole ní Dorset, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pàgọ́, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń tọ́jú ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scout ti ṣẹ̀ wá, èyí tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1915.

Kí ni wọ́n ń pè ní glamping?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n so pọ̀: ọ̀kan jẹ mọ́ afẹ́ àti oge, èkejì jẹ́ pípàgọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary gbà á wọlé lọ́dún 2016. Nínú pípàgọ́ lásán, oníbàárà ló máa gbé àgọ́, ẹní àti ìkòkò tiẹ̀ wá. Ilẹ̀, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni onílé ń yá a. Ṣùgbọ́n nínú glamping, onílé ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbé sítóòfù àti ìkòkò kalẹ̀, ó sì ti tan iná. Aṣọ nìkan ni oníbàárà máa gbé wá. Ká kúkú sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni, àmọ́ aṣọ tàbí pákó ló fi ṣe ògiri.

Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń lo àgọ́ onísọnsọ ńlá. Àwọn kan ń lo àgọ́ ríbiti irú èyí táwọn darandaran ilẹ̀ Mongolia ń gbé. Èyí tó bá Dorset mu jù ni ahéré onítáyà irin táwọn olùṣọ́ àgùntàn ń lò láyé àtijọ́. Nígbà tí àgùntàn bá ń bímọ lọ́wọ́, wọ́n á fi ẹṣin fa ahéré náà lọ sínú pápá, olùṣọ́ á sì máa sun ibẹ̀ kó má bàa jìnnà sí agbo. Gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ọmọ Dorset nì, Thomas Hardy, lo irú ahéré yìí nínú ìtàn rẹ̀ tó gbé jáde lọ́dún 1874, Far from the Madding Crowd. Nínú ìtàn náà, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa olùṣọ́ àgùntàn kan sínú ahéré rẹ̀ nítorí pé ó sùn lọ láì ṣí fèrèsé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Lónìí, àlejò ló ń sun inú ahéré yìí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nígbà tí olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, David Cameron, ra ọ̀kan sínú ọgbà rẹ̀ lọ́dún 2017 láti máa jókòó kọ̀wé nínú rẹ̀, ìròyìn gbé e pé £25,000 ló rà á.

Kí ló gbé àgbẹ̀ dé ìdí àgọ́?

Ẹni tó bá rò pé eré làwọn àgbẹ̀ yìí ń ṣe kò tíì mọ ohun tó ń lé wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wà nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí ilẹ̀ àgbẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni owó ìrànwọ́ tó ń gbà lọ́dọọdún ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ tí èrè mílíìkì àti àgùntàn wọn kò tó nǹkan ló jẹ́ pé owó yẹn ni kò jẹ́ kí oko dojú dé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àjọ náà lọ́dún 2020. Láti ọdún 2021 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó ọ̀hún ní England, ọdún 2027 ni wọ́n sì dá fún ìparí rẹ̀. Owó mìíràn wà fáwọn tó bá ń tọ́jú ilẹ̀, omi àti ẹyẹ, ṣùgbọ́n kì í bọ́ sọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí oko bàbá rẹ̀ kù sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹsẹ̀ kejì tí oko náà máa fi dúró.

Àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, ẹnubodè tì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí Spain lọ fún ìsinmi mọ́. Ilé ni wọ́n yíjú sí. Ìjọba tún dín owó orí VAT lórí ibùsùn àlejò kù láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 5. Ẹ̀dínwó yìí dópin ní òpin oṣù kẹta ọdún 2022. Àwọn kan tó kó wọṣẹ́ lásìkò yẹn rò pé bí ọjà yóò ṣe máa rí títí ayé nìyẹn. Wọ́n ti wá mọ̀ pé ọdún kan kì í ṣe gbogbo ọdún.

Ohun tí òfin wí

Kì í ṣe pé èèyàn kàn máa ṣílẹ̀kùn pápá kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Láti ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, òfin tó ń darí ìlò ilẹ̀ ní England fàyè gba onílẹ̀ láti pàgọ́ fún àlejò fún ọjọ́ 60 láàárín ọdún kan láì gba àṣẹ ìlò ilẹ̀. Ààyè àgọ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú lọ́dọọdún, kó fi àwòrán ilẹ̀ náà àti ọjọ́ tó fẹ́ lò ó ránṣẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ pèsè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìdalẹ̀nù. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí òfin yọ sílẹ̀ pátápátá, irú bí ibi tí ohun àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé. Àgọ́ aṣọ àti mọ́tò tí wọ́n ń sùn sí ni òfin ọjọ́ 60 yìí wà fún. Caravan, ìyẹn ilé tí wọ́n ń fi mọ́tò fà, kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin sábà máa ń ka ahéré onítáyà irin sí caravan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ahéré gba àlejò ní gbogbo ọdún yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Dorset, apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1959 nítorí ẹwà rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́. Ẹni tó bá ra ahéré kó tó gbàṣẹ lè máa wò ó nínú ọgbà láì rí kọ́bọ̀ nídìí rẹ̀.

Àlejò náà kò kàn lè pàgọ́ síbi tó bá wù ú. Ní England, onílẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Dartmoor, ní Devon tó múlé gbe Dorset, ni èyí yàtọ̀ sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé àwọn èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti pàgọ́ lórí ilẹ̀ gbogboogbò tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Àpẹẹrẹ lásán leléyìí o. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan lo ọjọ́ 60 tí òfin fún un, tó sì ń gba £25 lórí àgọ́ kọ̀ọ̀kan lálẹ́. Ààyè 50 ló ní, ṣùgbọ́n kò lè kún lójoojúmọ́. Ká ní 15 ló ń rí tà lálẹ́ kan. 15 lọ́nà £25 jẹ́ £375. Tá a bá fi ọjọ́ 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di £22,500. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó yá, omi, owó òṣìṣẹ́ àti owó adójútòfò yóò jáde nínú rẹ̀.

Ká tún sọ pé ẹlòmíràn ra ahéré kan ní £25,000, ó ń gba £100 lálẹ́, ó sì rí òru 120 tà lọ́dún. £12,000 nìyẹn. Bí ìnáwó bá gba £4,000 níbẹ̀, £8,000 ló kù. Á lé ní ọdún mẹ́ta kó tó rí owó tó fi ra ahéré padà, a kò sì tíì ka èlé báǹkì mọ́ ọn. Ẹni àkọ́kọ́ kò náwó púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ọ̀sẹ̀ méjì lè gba èrè rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì lè gba àlejò nígbà òtútù pàápàá, ṣùgbọ́n gbèsè á kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń rí ju £90,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún VAT, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà.

Ibi tí ewu wà

Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Láti ọdún Àjíǹde dé oṣù kẹwàá ni ọjà máa ń yá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí iléèwé fi wà ní ìsinmi, láti òpin oṣù keje, ló sì gbóná jù. Òbí tó bá mú ọmọ kúrò níléèwé lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ nítorí ìsinmi lè san owó ìtanràn £80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló wá ń wá ààyè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá ti pa owó ọdún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, àfàìmọ̀ kó má ráhùn.

Èkejì ni ẹ̀mí èèyàn. Ẹ rántí olùṣọ́ àgùntàn inú ìtàn Hardy. Àdògán oníèédú tàbí sítóòfù tí wọ́n bá gbé wọnú àgọ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide jáde, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Àwọn èèyàn ti bá a lọ lójú oorun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onílé tó gbọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti jáde sínú ahéré, á sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé iná èédú wọnú àgọ́.

Ẹ̀kẹta ni aládùúgbò. Ariwo àti mọ́tò lójú ọ̀nà tóóró máa ń fa ẹjọ́, ẹ̀sùn aládùúgbò sì wà lára ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gbé yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Kí ni ti àwa oníṣòwò kéékèèké?

Àkọ́kọ́, ohun tó sú wa lè jẹ́ ọjà lójú ẹlòmíràn. Pápá tí àgbẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ni ará London ń wá kiri. Èkejì, kì í ṣe àgọ́ nìkan ló ń mówó wọlé. Ẹyin, mílíìkì, igi ìdáná àti oúnjẹ àárọ̀ tí àgbẹ̀ ń tà fún àlejò wà lára èrè, kò sì ní san owó ọkọ̀ láti gbé wọn lọ sọ́jà. Ẹ̀kẹta, gbogbo wọn kọ́ ló yẹ kó gba àṣẹ ńlá, kó jẹ gbèsè ńlá. Òfin ọjọ́ 60 yẹn fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan dán an wò, kó mọ̀ bóyá àlejò yóò wá kó tó yáwó.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ronú láti bá onílẹ̀ dòwò pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ bí oníbàárà, kí wọ́n rí i bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣòwò àgọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà kì í ṣe àgọ́. Ìwé àti bírò ni, kó fi ṣírò owó rẹ̀ dáadáa.